Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Ọmọ Ẹlòmíràn

Láti ìgbà tí a ti padà dé láti Àbíjàn, àtẹ́wọ́ kan ni ó ń dún sí mi létí. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹfà báyìí. Bí mo bá ń fọ ẹnu láàárọ̀, mo ń gbọ́ ọ. Bí mo bá jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, mo ń gbọ́ ọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó kún pápá ìṣeré Ebimpé ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n sì pariwo débi pé àga tí a jókòó lé ń gbọ̀n lábẹ́ wa. Ariwo tiwọn ti kúrò létí mi tipẹ́. Èyí tí ó kù ni ti ìyá mi, ẹni ọdún 68, tí ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé ikọ̀ Nàìjíríà, tí ó sì dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin, nígbà tí Sébastien Haller na ẹsẹ̀ sí bọ́ọ̀lù tí Simon Adingra gbé wá láti apá òsì, tí bọ́ọ̀lù náà sì wọ àwọ̀n wa.

Gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ló mọ bí eré náà ṣe parí, nítorí náà n kò ní fi ẹnu tún un gbá. Ayò méjì sí ẹyọ kan ni Côte d'Ivoire fi nà wá, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ti ọdún 1992 àti ti ọdún 2015. Ìjákulẹ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ó fi kúrò lára mi. Ohun tí kò kúrò ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ìyá mi létí lẹ́yìn àtẹ́wọ́ náà, àti ìdáhùn tí ó fún mi láìwo ojú mi. Ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, nítorí mo ti rí i pé bí mo bá tún ń gbé e sùn, yóò kẹ̀.

"Ẹ lọ wá ìwé ìrìnnà yín"

Màámi fúnra rẹ̀ ni ó dá ìrìn àjò náà sílẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 7 oṣù Kejì, gbogbo wa wà ní pálọ̀ nígbà tí Nàìjíríà àti South Africa ń figagbága ní Stade de la Paix ní ìlú Bouaké. Ẹ rántí bí ó ṣe rí: a rò pé Victor Osimhen ti gbá ayò kejì wọlé, àfi bí adarí eré ṣe lọ wo àwòrán, tí ó fagi lé ayò náà, tí ó sì fún South Africa ní pẹ́nárítì nítorí àṣìṣe tí a ti ṣe níwájú ilé tiwa ṣáájú. Kí Stanley Nwabali tó mú pẹ́nárítì méjì, kí Kelechi Iheanacho sì tó gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti sunkún, ó ti rẹ́rìn-ín, ó sì tún ti padà sunkún. Lẹ́yìn èyí ni a wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, tí Côte d'Ivoire fi ẹyọ ayò kan borí Kóńgò. Bí ó ṣe parí, Màámi pa tẹlifíṣàn, ó ní: "Ẹ lọ wá ìwé ìrìnnà yín. Mo fẹ́ lọ wo ojú wọn." N kò bi í pé ojú ta ni.

Ẹni tí ó bá mọ Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun mọ̀ pé Àbíjàn kò jìnnà sí wa bí ó ṣe jìnnà lórí àwòrán ilẹ̀. Kò sí agbo ilé kan níbẹ̀ tí kò ní ènìyàn lọ́hùn-ún, Faransé kì í sì í ṣe àjèjì èdè ní ọjà wa. Treichville, àdúgbò kan ní Àbíjàn, ni wọ́n bí Màámi sí ní ọdún 1955. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí èmi sí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ìyá ìyá mi nílé kí n lè lọ sí ilé ìwé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Èjìgbò. Màámi dúró lọ́hùn-ún, ó ń ta aṣọ, títí ogun abẹ́lé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 fi lé e wálé ní ìparí ọdún náà. Kò tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ìyàwó mi kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà àwa mẹ́rin ni a lọ: Màámi, èmi, ọmọkùnrin mi, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì, tí gbogbo ènìyàn ń wá lójú méjèèjì, obìnrin kan tí Màámi tọ́ ní Àbíjàn nígbà kan ni ó bá wa rí i. Mo ti ń gbọ́ orúkọ obìnrin yìí láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn orúkọ náà rí. "Tàǹtí" ni àwọn ọmọ mi ń pè é, bí àwọn ọmọdé Àbíjàn ṣe ń pe obìnrin tó jù wọ́n lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe pè é níbí.

Ohùn tí Màámi fọ̀ ní Noé

N kò ní fi gbogbo ojú ọ̀nà kún etí yín. A gbéra ní Èkó ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, a gba Sèmè, a kọjá Kútọnu àti Lomé, a sì wọ Gánà ní Aflao nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ọdún 1979 sọ pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ níbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ìwé nìyẹn. Ní ẹnubodè kan tí n kò ní dárúkọ, ọkùnrin kan di ìwé ìrìnnà ọmọbìnrin mi mú títí mo fi mọ ohun tí ó ń retí, ọmọ náà sì bi mí lẹ́yìn náà pé kí ni òun ṣẹ̀.

Nínú Gánà, nígbà tí àwọn ìyókù ń sùn, Màámi jí sílẹ̀, ó ń wo ojú fèrèsé. Ó sọ fún ọmọkùnrin mi pé ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn ènìyàn wa gbà padà ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Kofi Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọmọ náà bi í pé ṣé àwọn náà ti pẹ́ níbẹ̀. Ó ní àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ibòmíràn rí láyé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a kọjá afárá láti Elubo ní Gánà sí Noé ní Côte d'Ivoire, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ rí ohun tí ó yẹ kí ó ti múra mi sílẹ̀. Màámi tí a mọ̀ nílé jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó máa ń ronú kó tó sọ̀rọ̀, kì í sì í rẹ́rìn-ín sókè. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kan ilẹ̀ ní òdì kejì afárá, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé pọ̀ mọ́ èdè Jùlà, ó ń ju ọwọ́, ó ń bá àwọn obìnrin tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà dá àpárá. Òṣìṣẹ́ tí ó ń wo ìwé wa rí aṣọ àwọ̀ ewé lọ́rùn wa, ó bi í bóyá ó ti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ wá wo bí wọn yóò ṣe na Nàìjíríà. Màámi dá a lóhùn pé ṣé wọ́n ti gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ni, ọjọ́ tí a fi ẹyọ kan nà wọ́n nínú pápá wọn yìí kan náà. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wá béèrè ibi tí ó ti wá. "Treichville," ni ó wí, kò sì fi nǹkan kan kún un.

Èmi tí mo mọ ìwọ̀nba Faransé gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ọmọbìnrin mi fà mí láṣọ, ó ní: "Bàbá mi, ṣé Màmá Àgbà wa náà nìyí?" Mo rẹ́rìn-ín sí i. N kò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ìṣẹ́jú kọkànlélọ́gọ́rin

Àárín àwọn aláṣọ ọsàn ni Tàǹtí ti rí àyè fún wa, nítorí náà àwa mẹ́rin tí a wọ àwọ̀ ewé dà bí ewé mélòó kan tó já bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Kò sẹ́ni tó bú wa. Ọkùnrin tí ó jókòó lẹ́yìn wa tilẹ̀ fún àwọn ọmọ mi ní omi. Inú wọn dùn lọ́nà tí n kò rí irú rẹ̀ rí, ìdùnnú ẹni tí wọ́n ti gbẹ́ ihò rẹ̀ tán tí ó tún dìde jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, Equatorial Guinea ti na Côte d'Ivoire ní ayò mẹ́rin sódo nínú pápá yìí gan-an. Wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn Jean-Louis Gasset. Morocco ló sì bá wọn na Zambia kí wọ́n tó lè bá ẹ̀yìn wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe ipò kẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ikọ̀ náà lé Emerse Faé lọ́wọ́, tí wọ́n borí Senegal pẹ̀lú pẹ́nárítì, tí wọ́n sì fi ènìyàn mẹ́wàá borí Mali. Wọ́n ń pe ikọ̀ wọn ní Erin. Àwa Yorùbá kúkú ti sọ ọ́ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a rí erin.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè méjèèjì. Màámi dìde fún tiwa, ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó sì ń kùn ún, nítorí kò lọ sí ilé ìwé kankan ní Nàìjíríà rí, ọ̀rọ̀ orin náà kò sì dá a lójú. Nígbà tí ó kan tiwọn, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tàǹtí ń kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn. Mo wo ibòmíràn.

Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, balógun wa William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Màámi fò sókè. Ó gbé ọmọbìnrin mi sókè bí ẹni pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kò dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pariwo, ó sì fi ọwọ́ pa Tàǹtí lórí láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Franck Kessié dá ayò náà padà ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ìgbà tí ti Haller wọlé ni ó tó dìde. Kò pariwo, kò sì fò. Ó dúró ṣánṣán nínú aṣọ àwọ̀ ewé rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀, omi sì wà lójú rẹ̀. Tàǹtí di èjìká rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ọmọkùnrin mi wo ìyá mi, ó wo èmi, ó sì ṣí ẹnu láti béèrè ohun kan, kò béèrè é.

Ìbínú tí ó gbé mi ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó yí wa ká má baà gbọ́: "Màámi, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn."

Kò dá ọwọ́ dúró, kò sì yí ojú kúrò lórí pápá. Ó ní: "Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ ẹlòmíràn ni?"

Lẹ́yìn náà ó jókòó. A wo ìṣẹ́jú tó kù láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí a ń jáde, tí èrò ń ti èrò, Tàǹtí tí ó jẹ́ pé Faransé nìkan ni ó ti ń sọ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a dé, tí Màámi sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ, fa ọwọ́ ọmọkùnrin mi mọ́ra. Ó sọ fún un, ní Yorùbá Èjìgbò tí kò ní àbùkù kankan, pé: "Di ọwọ́ mi mú dáadáa, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbá ọ lọ." Ẹsẹ̀ mi dúró. Gbogbo ohun tí mo sọ ni ó gbọ́.

Àwọn tí a gbà láàyè láti yàn

Mo kọ́kọ́ wá àwáwí fún Màámi, bí ẹni pé òun ni ó nílò rẹ̀. Mo ní bóyá Haller fúnra rẹ̀ ni àánú rẹ̀ ṣe é. Ní oṣù Keje ọdún 2022 ni wọ́n rí i pé ó ní àrùn jẹjẹrẹ, ó gba ìtọ́jú, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sórí pápá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Ẹnikẹ́ni lè pàtẹ́wọ́ fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Màámi. Kò mọ ìtàn Haller. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀.

Mo wá gbìyànjú láti dá a lẹ́bi. Bọ́ọ̀lù kò gba kí ènìyàn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì; eré tí a kò gbè sí ẹnì kan nínú rẹ̀ kò ládùn, ẹni tí ó bá sì ní òun ń yọ̀ fún gbogbo ènìyàn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé oorun ló ń kùn ún. Mo ṣì gba èyí gbọ́. Ohun tí ó tú àríyànjiyàn náà ká mọ́ mi lọ́wọ́ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù gan-an. Haarlem ní ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n bí Troost-Ekong sí. Ìlú London ni wọ́n bí Ademola Lookman sí, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún fún England ní ọdún 2017 kí ó tó di tiwa. Itálì ni wọ́n bí Calvin Bassey sí. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Haller náà sí, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ rí. Òfin FIFA fún irú wọn láàyè láti wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n sì yàn. Nígbà tí wọ́n yàn wá, a jó. Kò sí ẹni tó bi Lookman pé kí ló ṣe sí ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Èmi wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tí ó lo ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ní ìlú kan, tí ó bímọ níbẹ̀, tí ó jẹun níbẹ̀, mo sì ní kó sẹ́ ẹ nítorí aṣọ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ibi tí mo ti bi í léèrè tún wá ń dójú tì mí. Orúkọ Alassane Ouattara, ẹni tí ó di ààrẹ Côte d'Ivoire lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ni wọ́n fi pe pápá ìṣeré náà. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ilẹ̀ náà yọ ọkùnrin yìí kúrò nínú ìdíje fún ipò ààrẹ, nítorí àríyànjiyàn lórí bóyá ọmọ Côte d'Ivoire ni lóòótọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìbéèrè nípa ta ni onílùú àti ta ni àlejò wà lára ohun tí ó fa ogun tí ó lé ìyá mi wálé. Wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórí ìbéèrè tí mo fi òwe wẹ́rẹ́ gbé sí i létí.

Mo sì rántí ohun mìíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí Côte d'Ivoire borí Sudan ní Omdurman tí wọ́n sì yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, Didier Drogba kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ níwájú kámẹ́rà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì bẹ àwọn ará ìlú wọn kí wọ́n gbé ohun ìjà sílẹ̀. Màámi rí i lórí tẹlifíṣàn nílé wa ní Èjìgbò, ó sì sunkún títí ó fi lọ sùn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọjà tí ó fi sílẹ̀ ní Treichville ni ó ń sunkún sí.

Àwòrán oṣù Kìíní ọdún 1992

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì eré náà, a lọ kí ẹ̀gbọ́n Màámi ní Treichville. Ìjọba ti fún gbogbo ènìyàn ní ìsinmi, ìwo ọkọ̀ kò sì dákẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Ìyá àgbà náà gbé àpótí kan jáde, ó ń fi àwòrán han àwọn ọmọ mi. Mo ń tẹ fóònù mi, n kò fiyè sí wọn, títí ọmọbìnrin mi fi gbé ọ̀kan wá bá mi pé kí n wo Màmá Àgbà nígbà tí ó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́.

Àárín títì ni ó wà nínú àwòrán náà, láàárín èrò tó ń jó, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì pọn ọmọ ìkókó kan sẹ́yìn. Ẹnì kan ti fi báírò kọ "oṣù Kìíní 1992" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rántí pé oṣù náà ni Côte d'Ivoire kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ yìí, ní Dakar, nígbà tí àwọn àti Gánà gba pẹ́nárítì débi pé àwọn aṣọ́lé pàápàá gbá tiwọn, tí ó fi di mọ́kànlá sí mẹ́wàá.

Mo bi ẹ̀gbọ́n Màámi pé ọmọ ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo ń ṣe eré. Ó ní Tàǹtí ni. Ìyá rẹ̀, obìnrin ẹ̀yà Baoulé kan tí òun àti Màámi jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà, ni ó kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ìparí ọdún 1991, kò sì sí ẹni tí yóò gbé ọmọ náà; Màámi sì gbé e.

Ìparí ọdún 1991. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ìyá àgbà mi wẹ̀ fún mi, ó wọ aṣọ tuntun sí mi lọ́rùn, mo sì lọ dúró ní ibi tí ọkọ̀ Àbíjàn máa ń já èrò sí ní Èjìgbò. Alẹ́ mẹ́ta tẹ̀léra ni mo fi dúró. Ní alẹ́ kẹta, awakọ̀ kan pè mí, ó fún mi ní ọ̀rá kan, ó ní ìyá mi ní kí n pẹ̀lẹ́, pé òun kò ní lè wá lọ́dún yìí. Bàtà ni ó wà nínú rẹ̀. Kò gba ẹsẹ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí ó rí ẹsẹ̀ mi kẹ́yìn.

Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn ọdún náà, gbogbo lẹ́tà tí ó bá ti Àbíjàn wá máa ń ní orúkọ ọmọ kan nínú: ó ti ń rìn, ó ti ń pè mí ní màmá, ẹ bá mi gbàdúrà fún un, ibà ń ṣe é. Mo kọ́ láti máa fo ìlà wọ̀nyẹn nígbà tí mo bá ń ka lẹ́tà náà fún ìyá àgbà mi. Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, nítorí náà kò sí ẹni tó mú mi.

Inú yàrá yẹn, pẹ̀lú ìwo ọkọ̀ tó ń dún níta, ni mo ti mọ ẹni tí mo ń bá jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìlú Àbíjàn ni. Mo ti ń bá a du ìyá láti ọmọ ọdún mẹ́rin, àti ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyá mi dìde lójú gbogbo ayé, ó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n Màámi kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní nígbà tí ogun dé ní ọdún 2002, ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sì ní ìwé kankan tí wọ́n lè fi mú un kọjá ẹnubodè. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní àwọn yóò gbà á. Ó tẹ̀lé Màámi dé ìdíkọ̀, ó sì dúró níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti lọ. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣú pátápátá ni wọ́n tó lọ fà á wálé. Mo bèèrè iye ọjọ́ tí ó fi padà lọ síbẹ̀. Ìyá àgbà náà ní òun kò ka iye rẹ̀.

Ìpè ọjọ́ Àìkú

A padà sílé ní ọ̀nà tí a gbà lọ. Tàǹtí sìn wá dé ibi tí a ti wọ ọkọ̀, ó di ẹrù Màámi fún un, a sì kí ara wa pé ó dàbọ̀ bí àwọn ènìyàn tí a fi ipá mú kí wọ́n kí ara wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ jọ. Mo kọ ọ́ ní Faransé nígbà kan, mo sì rí i pé ìwà ẹ̀rù ni, nítorí èdè tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́ ni ó yẹ kí n fi bẹ̀ ẹ́. Màámi kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà. Ó fọ aṣọ àwọ̀ ewé rẹ̀, ó ká a, ó sì ń ṣe jẹ́jẹ́ rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ tí ó ń fi èdè Jùlà rẹ́rìn-ín lórí fóònù nínú yàrá rẹ̀, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀ kí n tó lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì nígbà tí ó ń wẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí orúkọ tó wà lójú rẹ̀. Mo gbé e.

"Màámi?" ni ó wí.

Mo ní èmi ni. Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́." Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kúrò lẹ́nu mi, èyí tí ó rọ́pò wọn kì í sì í ṣe ohun tí mo rò. Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Ó ní rárá, pé ìrẹsì ṣì wà lórí iná. Ó wá béèrè bóyá bàtà tí òun dì sínú ẹrù Màámi fún ọmọkùnrin mi gba ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ojú lásán ni òun fi wọn ẹsẹ̀ ọmọ náà nígbà tí a wà lọ́dọ̀ òun. Mo ní ó gbà á régé, pé ó wọ̀ ọ́ jáde láàárọ̀ náà, àti pé kó dúró díẹ̀, Màámi ti ń bọ̀.